Ṣé ká já páàkì káàdì àtijọ́ ni, àbí ká fi í sílẹ̀ bó ṣe wà?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n wa, ẹ kú iṣẹ́ o. Tíṣà ni mí ní Ògbómọ̀ṣọ́, lágbègbè Tákìé. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa tó gbé ìlú Houston ní Amẹ́ríkà fún ọ̀pọ̀ ọdún ti dolóògbé. Nígbà tí a ń tú àpótí rẹ̀, a bá páàkì káàdì básíkẹ́ẹ̀tì Fleer ti 1986 mẹ́ta tí ẹnikẹ́ni ò tíì já, páálí NBA Hoops ti 1990 kan, àti àpò sítíkà Panini USA 94 bíi mélòó kan. Àbúrò mi ọkùnrin ní ká já àwọn Fleer yẹn kíákíá, pé káàdì Michael Jordan wà nínú wọn tó tó owó ilé. Ẹ̀rù ń bà mí. Ká já a ni, àbí ká fi í sílẹ̀?

Ìdáhùn: Tíṣà wa, ẹ kú iṣẹ́ ọmọ, ẹ sì kú àṣẹ̀yìndè ẹ̀gbọ́n bàbá yín. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni já àwọn Fleer mẹ́ta yẹn. Ẹ kó wọn kúrò nílẹ̀ kí ẹ tó máa ka ìyókù ọ̀rọ̀ mi lọ, torí páàkì tí a bá ti já kò ṣe é dí padà mọ́. Ẹni tó bá sì mọ̀ ọ́n dí padà, olè ni. Ti Hoops àti Panini kò le tó bẹ́ẹ̀. Màá dé orí wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ohun tí Fleer 1986 jẹ́. Iléeṣẹ́ Topps ló ń tẹ káàdì básíkẹ́ẹ̀tì tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n lẹ́yìn sáà 1981-82 wọ́n pa á tì. Star Company ṣe é fún sáà díẹ̀, àmọ́ inú ọ̀rá ni wọ́n ń kó tiwọn sí, ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kì í ṣe inú páàkì tí ọmọdé lè sáré rà ní ṣọ́ọ̀bù. Fleer ló dá a padà sórí káńtà ní 1986. Káàdì 132 ni gbogbo rẹ̀, sítíkà 11 sì wà pẹ̀lú rẹ̀. 40 sẹ́ńtì ni páàkì kan. Tí èèyàn bá já a, á bá káàdì 12, sítíkà kan, àti ṣingọ́ọ̀mù pẹlẹbẹ kan nínú rẹ̀. Páàkì 36 ló ń wà nínú páálí kan. Ọjà náà ò yá rárá nígbà yẹn, kò sẹ́ni tó mọ̀ pé ohun tí wọ́n ń wá kiri lónìí nìyẹn.

Nọ́ńbà 57 ni Jordan. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ nípa nọ́ńbà 82, torí ọmọ wa ni: Olajuwon. Akeem ni ẹ máa bá lára káàdì náà, nítorí 1991 ló tó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́ ní Hakeem. Èkó ni wọ́n bí i sí ní 1963, University of Houston ló lọ, Houston Rockets sì ni wọ́n kọ́kọ́ mú un ní 1984, kí wọ́n tó mú Jordan ní ipò kẹta. Ní 1986 yìí kan náà, òun àti Rockets na Lakers, wọ́n sì dé àṣekágbá kí Celtics tó borí wọn. Yorùbá tó bá wà ní Houston lọ́dún yẹn, tó ń gbọ́ orúkọ Olajuwon lẹ́nu àwọn òyìnbó láti àárọ̀ dalẹ́, kò ní ṣàì na sẹ́ńtì díẹ̀ sórí káàdì rẹ̀. Èmi ò rò pé Jordan ni ẹ̀gbọ́n bàbá yín ń wá.

Ó yé mi ohun tó ń gbóná lára àbúrò yín. Ní oṣù Kìn-ín-ní 2021, káàdì Jordan yẹn méjì, tí PSA, iléeṣẹ́ tó ń yẹ káàdì wò, fún ní máàkì 10 nínú 10, lọ ní gbànjo ní 738,000 dọ́là lọ́kọ̀ọ̀kan. Ìròyìn yẹn ló tàn kálẹ̀. Ohun tí wọn ò pariwo ni pé kí ọdún náà tó parí, iye rẹ̀ ti já wálẹ̀ ju ìdajì lọ. Wọn ò sì pariwo pé nínú Jordan tó lé ní 20,000 tí PSA ti yẹ̀ wò, bíi 300 àti díẹ̀ péré ló gba 10. Inú páàkì kan náà ni àwọn tó gba 10 àti àwọn tó gba 5 ti wá. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé káàdì tí ọwọ́ ò tíì kàn gbọ́dọ̀ mọ́ láìlábàwọ́n. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹ̀rọ tó gé e lè ti gé e wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan láti iléeṣẹ́. Etí Fleer 1986 tó ní àwọ̀ yẹn máa ń tètè bó. Ṣingọ́ọ̀mù máa ń ta àbàwọ́n sí èyí tó bá fara kàn án, ìda ara páàkì sì máa ń wọ èyí tó bá wà ní ìparí lára. Láàárín máàkì 8 àti máàkì 10, ojú lásán lè má rí ìyàtọ̀ kankan, àmọ́ ìyàtọ̀ owó wọn pọ̀ kọjá sísọ.

Tíṣà ni yín, ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Káàdì 132, páàkì kan gba 12. Bí a bá gbà pé wọ́n pò wọ́n pọ̀ dáadáa, páàkì kan nínú 11 ni Jordan máa wà. Mẹ́ta ni ẹ ní. Bí èèyàn mẹ́rin bá ní páàkì mẹ́ta mẹ́ta bíi tiyín, tí gbogbo wọn já tiwọn, ẹnì kan péré ni Jordan máa bọ́ sí lọ́wọ́. Àwọn mẹ́ta yòókù máa já gbogbo rẹ̀ tán láìrí i. Káàdì 36 ló máa wà lórí tábìlì wọn. Barkley lè wà níbẹ̀, tàbí Ewing, tàbí Karl Malone, tàbí Clyde Drexler, Akeem wa náà sì lè wà níbẹ̀. Àmọ́ bí ẹ bá kó gbogbo wọn pọ̀, àyàfi tí ọ̀kan bá bọ́ sí máàkì tó ga gan-an, kì í sábà tó ohun tí ẹlòmíì ì bá san lórí páàkì mẹ́ta náà láìjá. Páàkì Fleer 1986 kan tó dájú pé kò tíì sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án ń gba ẹgbẹ̀rún dọ́là lọ́nà mélòó kan lónìí.

Bó ṣe rí nìyẹn, Tíṣà. Ẹni tó ń ra páàkì tí a ò já, Jordan tó ṣeé ṣe kó wà níbẹ̀ ló ń sanwó fún, ó sì ń san ju bó ṣe yẹ lọ, torí ó rò pé tòun á yàtọ̀. Níwọ̀n ìgbà tí kò bá sẹ́ni tó mọ ohun tó wà nínú rẹ̀, iye rẹ̀ dúró. Tí ẹ bá já a, ẹ ti fi àìmọ̀ yẹn, tí wọ́n ń san owó ńlá lé lórí, ṣe pàṣípààrọ̀ fún káàdì 12 tí iye wọn ti hàn sí gbogbo ayé. Àfi ká tún fi kún un pé ojoojúmọ́ ni wọ́n ń já òmíràn níbòmíràn, wọn ò sì lè tẹ 1986 mọ́. Èyí tó kù ń dín kù ni.

Ẹ wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní oṣù Kejì 2024. Wọ́n ta odidi páálí ńlá káàdì họ́kì tí iléeṣẹ́ O-Pee-Chee tẹ̀ fún sáà 1979-80, èyí tí wọ́n rí nínú ilé kan ní Saskatchewan ní Kánádà. Páálí kéékèèké 16 ló wà nínú rẹ̀, páàkì 48 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó lé ní káàdì 10,000. Inú sáà yẹn ni káàdì àkọ́kọ́ Wayne Gretzky, ìlú-mọ̀ọ́ká nínú họ́kì, wà, wọ́n sì ṣírò pé á lé ní 20 níbẹ̀. Gbànjo rẹ̀ dé 3.72 mílíọ̀nù dọ́là láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí ẹyọ Gretzky kan péré. Bóyá gbogbo wọn gé wọ́ o. Bóyá ṣingọ́ọ̀mù ti ba ìdajì wọn jẹ́. Kò sẹ́ni tó mọ̀, ìdí rẹ̀ sì nìyẹn tí owó náà fi gòkè tó bẹ́ẹ̀.

Ìṣòro kan wà nínú ohun tí mo sọ yìí, n ò sì ní fi pa mọ́ fún yín. Àìmọ̀ ló ń gbé owó páàkì dúró, ohun tó bá sì ba àìmọ̀ náà jẹ́, ó ba owó jẹ́. Láti 2024 ni ariwo ti pọ̀ pé ẹ̀rọ CT, irú èyí tí wọ́n fi ń wo inú ara ní ọsibítù, lè ka káàdì tó wà nínú páàkì láìjá a. Káàdì Pokémon, eré káàdì àwọn ará Japan, ni wọ́n kọ́kọ́ fi hàn lórí rẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ní owó ẹ̀rọ yẹn lè mú èyí tó dára, kó sì ta ìyókù fún aláìmọ̀kan bí ẹni pé òun ò mọ nǹkan kan. Ó ń dun mí gan-an, torí ó sọ gbogbo àwa tí a fẹ́ràn nǹkan wọ̀nyí di ẹni tó ń fura sí ara wọn. Ti yín ò tíì dé ibi ẹ̀rọ kankan, inú àpótí ni ó wà láti ọ̀pọ̀ ọdún wá. Ìtàn yẹn níye lórí. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: ibi tó gbé, ọdún tó dé, ẹni tó tú àpótí náà àti ọjọ́ tí ẹ tú u. Ẹ ya àwòrán àpótí náà pẹ̀lú ohun tó wà nínú rẹ̀.

Nítorí ìbéèrè àkọ́kọ́ tí ẹni tó fẹ́ rà á máa bi yín ni pé: ṣé lóòótọ́ ni ẹnikẹ́ni ò tíì já a? Bébà oníìda ni wọ́n fi pọ́n Fleer 1986, iná ni wọ́n sì fi lẹ̀ ẹ́ pọ̀ lẹ́yìn. Ẹni tó ní áyọ́ọ̀nù àti sùúrù lè tú u, kó yọ Jordan, kó fi káàdì míì dípò rẹ̀, kó sì tẹ̀ ẹ́ padà. Ẹ yí páàkì náà sẹ́yìn nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ ní iléeṣẹ́ máa ń rí pẹrẹsẹ, ìlà rẹ̀ á tò déédéé. Bí ẹ bá rí ìda tó tàn kọjá ibi tó yẹ, tó ń dán lọ́nà tí ìyókù ò fi dán, tàbí bébà tó ní ìṣẹ́po méjì níbi tó yẹ kó ní ẹyọ kan, ẹ fura. Páàkì tó dá wà, tí kò sí nínú páálí rẹ̀, tún ní ìfura tirẹ̀: wọn kì í sábà po káàdì wọ̀nyẹn pọ̀ bó ṣe yẹ, ẹni tó bá sì ti já díẹ̀ nínú páálí kan, tó mọ bí wọ́n ṣe ń tò tẹ̀ lé ara wọn, lè mọ páàkì tí Jordan wà láìfọwọ́ kan bébà rẹ̀.

Ìtànjẹ yìí kì í mọ ẹni ńlá. Logan Paul, ọkùnrin ará Amẹ́ríkà tó gbajúmọ̀ lórí YouTube, san 3.5 mílíọ̀nù dọ́là lórí páálí Pokémon tí wọ́n ní kò tíì sẹ́ni tó já a, tí àwọn tó mọ̀ nípa rẹ̀ sì ti fọwọ́ sí. Nígbà tí wọ́n tú u ní oṣù Kìn-ín-ní 2022, káàdì G.I. Joe, ti bèbí sójà àwọn ọmọdé, ni wọ́n bá níbẹ̀. Nítorí náà, ẹni tó mọ̀ ọ́n gan-an ló yẹ kó wo tiyín. Baseball Card Exchange ní Amẹ́ríkà ni ọ̀pọ̀ èèyàn gbà lórí ọ̀rọ̀ páàkì àti páálí. PSA náà ti fi páàkì sínú ike tó sì fún un ní máàkì. Bí wọ́n bá wò ó, tí wọ́n ní wọ́n ti tú u rí, nígbà náà ni kí ẹ já a. Páàkì tí wọ́n ti tú rí kò ní iye kankan ní dídì, ohun tó kù nínú rẹ̀ nìkan ló kù. Bẹ́ẹ̀ náà ni èyí tí ikán tàbí eku bá ti jẹ bébà rẹ̀ ya.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí ó ká mi lára ju owó lọ. Ẹ ò sọ fún mi bóyá olóògbé bí ọmọ. Bó bá bí, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni páàkì wọ̀nyẹn, ẹ̀yin àti àbúrò yín kàn bá wọn rí i ni. Bó bá sì jẹ́ pé ẹ̀yin lẹ máa pín in, ẹ ṣọ́ra. Yálà ìdí igi ni ẹbí yín fi ń pín ogún ni o, tàbí orí-ò-jorí, páàkì mẹ́ta tí a ò já dọ́gba: ẹnikẹ́ni mú ọ̀kan, kò sẹ́ni tó lè ní wọ́n rẹ́ òun jẹ. Tí a bá já wọn, tí Jordan bọ́ sínú ọ̀kan, ìjà ti dé nìyẹn. Èyí tó tún burú jù ni kí àbúrò yín já a nínú yàrá lóun nìkan, kó má rí Jordan. Títí láé ni àwọn kan nínú ẹbí á máa sọ pé ó rí i, ó fi pa mọ́ ni. Ẹ má ti ọmọ ìyá yín sínú irú ẹ̀sùn bẹ́ẹ̀. Bí gbogbo ẹbí bá ní àfi kí ẹ já ọ̀kan, kó jẹ́ lójú gbogbo wọn, kí ẹnì kan máa fi fóònù ya fídíò rẹ̀ láìdánu dúró, láti orí páàkì tó wà ní dídì dé orí káàdì tó gbẹ̀yìn.

Ti Hoops 1990, ẹ já a! Àwọn ọdún yẹn, láti bíi 1987 dé 1993, ni àwọn iléeṣẹ́ ń tẹ káàdì bí ẹni tí kò ní dáwọ́ dúró mọ́, tí àwọn èèyàn sì ń rà á pa mọ́ pé á di owó. Gbogbo wọn ló pa á mọ́, ìdí nìyẹn tí kò fi di owó. Páálí rẹ̀ kò gbówó lórí títí di òní. Ẹ kó o lọ sí kíláàsì yín, kí àwọn ọmọ já a, kí wọ́n rí ayọ̀ tó wà nínú kéèyàn fà á ya kí orúkọ kan sì yọ jáde. Ẹ wá nọ́ńbà 205 fún mi, Mark Jackson: lẹ́yìn rẹ̀, létí pápá, ẹ máa rí àwọn ọmọ Menendez méjèèjì, àwọn tó pa òbí wọn ní 1989. Ó tó 2018 kí àwọn èèyàn tó kíyè sí i. Ìyẹn ò yẹ fún àwọn ọmọ o, ẹ yọ ọ́ fún ara yín. Kí ẹ sì sọ fún àwọn ọmọ náà pé wọn ò gbọdọ̀ máa fi owó oúnjẹ ra páàkì láti fi wá káàdì olówó ńlá. Tẹ́tẹ́ ni ìyẹn.

Panini USA 94, ọkàn mi pín sí méjì lórí rẹ̀. Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé àkọ́kọ́ tí a lọ ni, èyí tí Yekini ti gbá gọ́ọ̀lù àkọ́kọ́ wa wọlé sí Bulgaria, tó di àwọ̀n mú tó ń sunkún. Super Eagles wà nínú sítíkà yẹn. Kò wọ́n bíi Fleer, síbẹ̀ bébà lásán ni àpò rẹ̀, gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn sítíkà náà sì ń gbẹ bọ́dún ṣe ń gorí ọdún. Ẹ fi bíi méjì tàbí mẹ́ta tó mọ́ jù sílẹ̀, ẹ já ìyókù, ẹ wá Nàìjíríà nínú rẹ̀.

Ní ti ìtọ́jú, Ògbómọ̀ṣọ́ kì í ṣe ilẹ̀ tó rọrùn fún bébà oníìda. Lábẹ́ páànù tí oòrùn ọ̀sán ń sun, ìda á rọ̀, á sì máa wọ káàdì lára. Ọyẹ́ á gbẹ bébà títí tí á fi máa ya, nígbà òjò ọ̀rinrin á tún mú un wú. Ṣúgà inú ṣingọ́ọ̀mù ń pe èèrà, ikán ò sì nílò ìpè. Ẹ má gbé e sókè wọ́dúróòbù lábẹ́ sílíńgì. Yàrá tó tutù jù, nísàlẹ̀ ṣùgbọ́n tí kò kan ilẹ̀, ni kí ẹ gbé e sí. Ẹ wá ike tó ní ìdérí tó há dáadáa, ẹ fi àwọn àpò kéékèèké tí ń fa omi, tí ẹ ń rí nínú páálí bàtà tuntun, sínú rẹ̀, kí ẹ sì máa pààrọ̀ wọn. Ẹ má fi rọ́bà dì í, ẹ má fi sẹ́lótéèpù kàn án, ẹ má sì ju káńfọ̀ sí i rárá. Ọ̀rá rírọ̀ tó ń rùn bí ike tuntun kò dára fún un, ó máa ń yọ òróró jáde tó bá pẹ́.

Ní ti fífi ránṣẹ́, bí ọmọ olóògbé tàbí mọ̀lẹ́bí tó ṣeé fọkàn tán bá ń lọ sí Amẹ́ríkà, kó gbé e sínú báàgì ọwọ́ rẹ̀, kó má fi sínú ẹrù tí wọ́n ń jù sísàlẹ̀ ọkọ̀ òfuurufú. Ẹ má fún ẹnikẹ́ni tó bá kàn sí yín lórí Facebook pé òun máa bá yín tà á. Kí ẹ tó ná kọ́bọ̀ kan lórí ìrìn yẹn, ẹ ya fọ́tò iwájú, ẹ̀yìn àti etí páàkì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán, láìtan iná fóònù, kí rúlà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ lẹ́yìn ni kí ẹ yà súnmọ́ jù.